Pyraminx: lẹ́yìn ìpele-dé-ìpele, ọ̀nà wo ló kàn?

Ọmọ_Mokola

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti mọ Pyraminx tò, ohun ìṣeré olójú mẹ́rin tó ní ṣóńṣó, tí a ń yí bíi Rubik's Cube kí àwọ̀ ojú kọ̀ọ̀kan lè pé. Ọ̀nà tí mò ń gbà kò ju ìpele-dé-ìpele lọ: màá yí ṣóńṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sípò, màá to ìsàlẹ̀, màá wá fi fọ́múlà (àwọn yíyí tó tẹ̀ léra tí mo há sórí) parí etí mẹ́ta tó wà lókè. Ibi tí mo há sí ni ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá sí mẹ́rìnlá. Fọ́múlà tí mo mọ̀ fún òkè kò ju méjì lọ, ṣe ni mo máa ń tún wọn ṣe léraléra títí gbogbo rẹ̀ á fi bọ́ sípò.

Lórí YouTube mo ń rí àwọn ọmọdé tó ń tò ó ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Wọ́n ń dárúkọ àwọn ọ̀nà bíi L4E, Keyhole, Oka, 1-flip, wọn kì í sì í dúró sọ ìdí tí èèyàn fi máa mú ọ̀kan kó fi ìkejì sílẹ̀. Ṣé kí n pa ọ̀nà àtijọ́ tì, kí n bẹ̀rẹ̀ òmíràn? Àbí ohun tí mo mọ̀ yìí ṣì lè gbé mi débì kan?

Bùrọ̀dá_Ṣọlá

Àbúrò, ó ṣì lè gbé ẹ dé ibi tó jìnnà. Ẹni tó ń tún fọ́múlà méjì ṣe léraléra kò tíì lo ìpele-dé-ìpele tán. Fi sùúrù ka èyí, ó gùn díẹ̀.

Ohun tó wà lára Pyraminx kò pọ̀. Ṣóńṣó mẹ́rin ló ní. Sẹ́ńtà mẹ́rin wà lábẹ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ mẹ́ta. Etí mẹ́fà ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ méjì. Ṣóńṣó kì í ṣe wàhálà, torí yíyí ẹyọ kan ló máa ń tún un ṣe. Sẹ́ńtà náà kì í kúrò níbi tó wà, ó kàn ń yí lójú kan ni. Etí mẹ́fà yẹn ni gbogbo iṣẹ́.

Tí a bá yọ ṣóńṣó kúrò, ọ̀nà tí Pyraminx lè gbà dàrú jẹ́ 933,120. Tí a bá kà wọ́n mọ́ ọn, ó di 75,582,720. Ìyẹn kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rubik's Cube, tí iye tirẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tó ní díjíìtì 20. Bó ti wù kí Pyraminx dàrú tó, láìka ṣóńṣó, kò sí èyí tí yíyí 11 kò lè tò, àti pé ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn ìdàrú náà tó jẹ́ pé yíyí 8 gan-an ni wọ́n nílò. Nítorí náà tí o bá ń lo yíyí ọgbọ̀n kí o tó parí, ìka rẹ kọ́ ló falẹ̀. Ọ̀nà tí ò ń gbà ló gùn.

Ó yá, fọ́múlà. Gbé e dání kí ojú kan kọjú sí ẹ, kí ṣóńṣó kan wà lókè. U ni òkè, L ni òsì, R ni ọ̀tún, B ni ẹ̀yìn. Lẹ́tà lásán túmọ̀ sí pé kí o yí ìpele náà bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, bí ẹni pé ò ń wo ṣóńṣó yẹn gan-an. Tó bá ní àmì ' lára, yí i lódìkejì. Tí ìsàlẹ̀ bá ti tò, tí sẹ́ńtà òkè náà sì ti wà nípò, ipò 12 péré ni etí mẹ́ta tó kù lè wà. Ọ̀kan ti tò tán. Nínú 3, etí méjì dorí kodò níbi tí wọ́n wà. Nínú 2, gbogbo wọn pààrọ̀ àyè láìsí èyí tó dorí kodò. Nínú 6 tó kù, wọ́n pààrọ̀ àyè, méjì sì tún dorí kodò. Fọ́múlà 5 ló kó gbogbo rẹ̀:

R U R' U R U R'
R U' R' U' R U' R'
R' L R L' U L' U' L
L R U R' U' L'
R' L' U' L U R

Bí o ṣe máa dá wọn mọ̀ nìyí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù àkókò. Wo etí méjì tó wà lókè lójú iwájú. Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ àwọ̀ kan náà, tí àwọ̀ náà sì jẹ́ ti ojú ọ̀tún, ti àkọ́kọ́ ni. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ojú òsì ni wọ́n jọ gbé, ìkejì ni. Tí etí kan bá ti pé, tí àwọn méjì tó kù sì wà nípò wọn àmọ́ tí wọ́n dorí kodò, gbé èyí tó pé sẹ́yìn, ìkẹta ni. Tí kò bá jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, wá ojú tó jẹ́ pé kò sí èyí tó bá a mu nínú etí rẹ̀ méjèèjì tó wà lókè. Ojú bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló máa wà. Yí Pyraminx lọ́wọ́ rẹ kí ojú yẹn wà lọ́tùn-ún, kí o wo iwájú: tí etí òkè apá òsì bá ti gbé àwọ̀ iwájú, ṣe ìkẹrin. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbé ojú yẹn lọ sí òsì, kí o ṣe ìkarùn-ún.

Èyí nìkan á yọ ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́ta kúrò lára àkókò rẹ.

Tèmi_T

Ẹ ṣeun, bùrọ̀dá. Mo ti ń ṣe ìkẹrin láìmọ ìgbà tó yẹ, gbogbo ìgbà ni mo máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè: ṣóńṣó ńkọ́? Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ máa ń yí wọn ni tàbí ìparí?

Bùrọ̀dá_Ṣọlá

Ìparí ni tèmi, Tèmi. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ á ti kúrò lára etí tí o ti pinnu. Tó bá jẹ́ ìparí, kò sí ohun tí ò ń rò mọ́, ìka nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ṣì ń wò ó kí aago tó bẹ̀rẹ̀, ti mọ èyí tó máa yí sọ́tùn-ún àti èyí tó máa yí sósì, kí o má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn lẹ́yìn.

Kẹ́hìndé_Houston

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Bùrọ̀dá Ṣọlá sọ òtítọ́, àmọ́ ibì kan wà tí èmi kò gbà. Àbúrò wa ní òun fẹ́ yára. Tó bá jẹ́ pé eré ló fẹ́ sá lóòótọ́, kó fi ìpele-dé-ìpele sílẹ̀ lónìí, kó kọjú sí àwọn ọ̀nà tó ń kọ́ òkè ṣáájú. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ fídíò kì í sọ nìyẹn.

Ẹ padà wo ipò 12 tí bùrọ̀dá kà sílẹ̀. Nígbà tí etí mẹ́ta tó kù bá yí ṣóńṣó kan ká, àwọn 6 tó pọ̀ jù yẹn ń gba yíyí 6, bíi L R U R' U' L'. Tí etí mẹ́ta tó kù bá wà lórí ojú kan náà ńkọ́, ìyẹn etí mẹ́ta ìsàlẹ̀? Ẹ ṣe R L' R' L, kí ẹ wò ó. Etí mẹ́ta ìsàlẹ̀ nìkan ló pààrọ̀ àyè, kò sí nǹkan mìíràn tó kúrò níbi tó wà. Yíyí 4! Ẹ lè ṣe é láti igun mẹ́ta, ẹ sì lè ṣe é lódìkejì, tí 6 fi pé. Ìyẹn ni pé nínú ipò 12, ìdajì ló máa parí ní yíyí 4. Ìdí tí a fi ń kọ́ òkè ṣáájú nìyẹn, kí ìparí lè bọ́ sórí ojú kan.

Bí a ṣe ń ṣe é: Keyhole ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Fi etí méjì sí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àwọ̀ wọn bá sẹ́ńtà òkè mu, kí o fi àyè kan sílẹ̀. Má wo sẹ́ńtà ìsàlẹ̀ rárá ní gbogbo àkókò yìí. Àyè tí o fi sílẹ̀ yẹn ni ihò kọ́kọ́rọ́. Tí ihò bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, o lè yí R bó ṣe wù ẹ́, etí méjì òkè kò ní mira. Torí náà fi ihò náà yí ká: U, tún sẹ́ńtà ibẹ̀ ṣe, U, tún ti ibòmíràn ṣe. Tí sẹ́ńtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, ti etí kẹta òkè wọlé, kí o wá parí ìsàlẹ̀.

Àwọn yòókù, bíi 1-flip àti Oka (orúkọ Yohei Oka ará Japan ni wọ́n fi pe é), orí ìpìlẹ̀ yìí náà ni wọ́n dúró lé. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí etí kẹta òkè wà nígbà tí a bá ń tún sẹ́ńtà ṣe. Nínú 1-flip, ó ti wà nípò rẹ̀ àmọ́ ó dorí kodò. Ẹni tó bá mọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn á máa wo ìdàrú kọ̀ọ̀kan, á sì mú èyí tó kúrú jù níbẹ̀.

Àǹtí_Bísí

Kẹ́hìndé, àlàyé yìí dára. Àmọ́ ẹni tó ń tò ó ní ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá lẹ fẹ́ kó máa yan èyí tó kúrú jù nínú ọ̀nà mẹ́rin kí aago tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ro ti ọmọ náà.

Mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ ní ọjọ́ Sátidé, ohun tí mo ti rí ni mò ń sọ. L4E ló máa ń tètè ran ẹni tó ti mọ ìpele-dé-ìpele lọ́wọ́, torí kò ní kó gbàgbé nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ náà ló ṣì máa tò, àmọ́ kò ní tò ó tán. Etí méjì ni kó tò, pẹ̀lú sẹ́ńtà mẹ́ta ìsàlẹ̀, kí ó jọ lẹ́tà V, kí àyè kẹta wà níwájú rẹ̀. Etí mẹ́rin ló kù: mẹ́ta lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ iwájú. Ohun tí orúkọ yẹn dúró fún nìyẹn: Last 4 Edges, etí mẹ́rin ìkẹyìn. Tí sẹ́ńtà òkè bá wà nípò, ipò 96 ló wà níbẹ̀. Ó dún bí ohun tó pọ̀, àmọ́ kò di dandan kí èèyàn mọ gbogbo rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá mọ̀, kó fi yíyí díẹ̀ parí rẹ̀. Èyí tí kò bá mọ̀, kó ti etí kẹrin wọlé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kó lo fọ́múlà márùn-ún tí Bùrọ̀dá Ṣọlá kọ. Kò sí ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa bàjẹ́ nítorí pé ó ń kọ́ nǹkan tuntun.

Àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ wọn ni R' L R L'. Àbúrò, ẹ gbé e dání kí ẹ fi ojú wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: etí òkè apá òsì kọjá sí ọ̀tún, àwọ̀ iwájú rẹ̀ ṣì kọjú sí yín. Èyí tó wà lọ́tùn-ún bọ́ sí ìsàlẹ̀ iwájú, àwọ̀ tí ẹ ń rí lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì lọ sí ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ gòkè lọ sí òsì. Etí ẹ̀yìn kò mira, V náà kò mira. L R' L' R ni ìdàpadà rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí etí tó jẹ́ ti ìsàlẹ̀ iwájú tó dúró lókè ọ̀tún, tí àwọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sí yín, ẹ má yí i kiri. R' L R L' yẹn ló ń wá.

Ọmọ_Mokola

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Mo gbé e dání bí mo ṣe ń ka èyí, mo sì rí i bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Ìbéèrè kan: ìkẹta nínú fọ́múlà Bùrọ̀dá Ṣọlá náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R' L R L'. Ṣé wọ́n bá ara wọn tan ni?

Bùrọ̀dá_Ṣọlá

Wọ́n bá ara wọn tan. Ìkẹta yẹn, méjì tó jọra ló so pọ̀: R' L R L', lẹ́yìn náà U L' U' L. Àkọ́kọ́ pààrọ̀ etí mẹ́ta ojú iwájú, ìkejì pààrọ̀ wọn padà gba ọ̀nà mìíràn, tí méjì fi dorí kodò tí gbogbo wọn sì wà nípò. Ìkẹrin náà bẹ́ẹ̀: mú L àkọ́kọ́ àti L' ìkẹyìn kúrò, R U R' U' ló kù láàárín, ìdílé kan náà ni. Tí o bá ti mọ èyí, o kò ní há fọ́múlà sórí bí orúkọ àwọn ọba mọ́. Wàá máa rí ibi tí etí kọ̀ọ̀kan ń lọ.

Kẹ́hìndé, mo gbà ní ti ìdajì tó ń parí ní yíyí 4. Àmọ́ L4E náà ń lo yíyí 4 yẹn, lórí ojú iwájú. Ẹni tó bá tò ó tí etí òkè kan bọ́ sípò fúnra rẹ̀, ibì kan náà lẹ jọ máa pàdé.

Kẹ́hìndé_Houston

Ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ ni ẹ sọ. Síbẹ̀ mo dúró lórí pé kó má pẹ́ kó tó kọ́ Keyhole. Kí ó fi kún un, kò ní kó ju L4E sílẹ̀.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo fẹ́ fi ìtàn díẹ̀ kún un fún ẹni tó bá fẹ́. Uwe Mèffert, ọmọ Jámánì, ló ro nǹkan yìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí Ernő Rubik tó ṣe tirẹ̀ ní 1974. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà tí ti Rubik gbilẹ̀ ló mú un jáde, ilé-iṣẹ́ Tomy ní Japan sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1981. Mèffert kú ní 2022.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí 933,120 ṣe jẹ́: etí mẹ́fà lè dúró ní ọ̀nà 720, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló ṣeé ṣe, 360. Etí márùn-ún lè dorí kodò bó ṣe wù wọ́n, ìkẹfà kò ní yíyàn, ìyẹn 32. Sẹ́ńtà mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 81. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀. Èyí tún ń ṣàlàyé ìdí tí ẹ kò fi lè rí etí ẹyọ kan tó dorí kodò láé. Tí ẹ bá rí i, ẹnìkan ti tú Pyraminx yín, ó sì tò ó pọ̀ lódì.

Tèmi_T

Ẹ gbà mí, sà! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tèmi ṣe jábọ́ lánàá tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá mi kó o jọ. Láti ìgbà náà ni etí kan ti kọ̀ láti bọ́ sípò.

Olùkọ́_Ìṣirò

Má jà á mọ́. Yọ etí yẹn jáde, yí i padà, tì í wọlé. Á gbọ́ràn.

Àǹtí_Bísí

Kí n tó lọ, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi gbogbo ẹnu sọ ni ìṣẹ́jú-àáyá 15 tí wọ́n ń fún èèyàn láti wò ó kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ìdíje tó wà lábẹ́ World Cube Association, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó irú ìdíje yìí káàkiri ayé, adájọ́ á ké sí ẹ nígbà tó bá di 8, á tún ké sí ẹ nígbà tó bá di 12. O kò gbọ́dọ̀ yí nǹkan kan ní gbogbo àkókò yẹn, àfi kí o máa gbé e yí po kí o wò ó. Tí o bá parí tó jẹ́ pé yíyí kan ṣoṣo ló kù, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún tìẹ. Ìgbà márùn-ún ni wàá tò ó, wọ́n á yọ èyí tó yá jù àti èyí tó pẹ́ jù, wọ́n á sì pín mẹ́ta tó kù.

Ibẹ̀ ni eré gidi wà. Ohun mẹ́wàá péré ló wà láti wò tí a bá yọ ṣóńṣó, sẹ́ńtà mẹ́rin àti etí mẹ́fà. V kan kì í sábà pọ̀. Ẹni tó bá fi 15 yẹn rò ó dáadáa lè mọ gbogbo yíyí tó máa fi kọ́ V kó tó fọwọ́ kàn án, kó tún mọ ibi tí etí kẹta máa wà nígbà tó bá parí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó dé ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ́dọ̀ mi, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ sí àwọn tó kù nìyẹn. Fọ́múlà kan náà ni gbogbo wọn mọ̀.

Ẹ di ojú, ẹ kọ́ V láìwò ó, ẹ la ojú. Tí V bá wà níbẹ̀, ẹ ti wò ó tó.

Kẹ́hìndé_Houston

Àǹtí ti sọ ọ́ tán lórí èyí. Kí n kàn fi kún un pé kí àbúrò wa má jẹ́ kí àkókò àwọn àgbà dẹ́rù bà á. Dominik Górny ará Poland tò ó ní ìṣẹ́jú-àáyá 0.91 ní 2018, Simon Kellum ti Amẹ́ríkà ṣe 0.73 ní 2023. Ẹyọ kan péré ni àwọn yẹn, lórí ìdàrú tó kúrú, lọ́wọ́ ẹni tó rí gbogbo òpin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àròpín márùn-ún ni kó máa kọ sílẹ̀.

Ní ti ọwọ́: má máa yí B. Tí ìdàrú bá fẹ́ B, gbé e yí nígbà tí o ṣì ń wò ó kí ó di R tàbí L. Ìka ìfábẹ̀lá ni kí o fi ti U, ọrùn ọwọ́ ni kó ṣe R àti L. Tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò bá ní mágínẹ́ẹ̀tì nínú, wá èyí tó ní in nígbà tí owó bá wà, torí ó máa ń jẹ́ kí ìpele dúró síbi tó yẹ kó dúró.

Ọmọ_Mokola

Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Fọ́múlà márùn-ún Bùrọ̀dá Ṣọlá ni mo kọ́kọ́ ń kọ́, mo ti mọ mẹ́rin. Lẹ́yìn rẹ̀, V àti L4E bí Àǹtí Bísí ṣe là á sílẹ̀. Keyhole á tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé, mi ò gbàgbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìdàrú kan tí mo lè fi gbìyànjú V, tí mo fi máa mọ̀ bóyá mo rí ohun tó yẹ kí n rí.

Bùrọ̀dá_Ṣọlá

Mú un. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ti tò tán:

L R' L' R L' U' B

Kí ẹlòmíràn dà á rú fún ẹ, má ka lẹ́tà náà padà sẹ́yìn. Gbé e dání bó ṣe wà nígbà tí ó ṣì tò, kí àwọ̀ iwájú ṣì jẹ́ iwájú. Wá etí méjì tó pàdé lẹ́yìn nísàlẹ̀. Yíyí 3 ló máa mú àwọn méjèèjì àti gbogbo sẹ́ńtà wá sílé. Tí o bá ti rí mẹ́ta yẹn, má tíì yí i: sọ fún ara rẹ ibi tí etí ìsàlẹ̀ iwájú máa bọ́ sí. Lókè ọ̀tún ló yẹ kí o sọ, pẹ̀lú àwọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ níwájú. Tí ìdáhùn rẹ bá bá èyí mu, o ti mọ yíyí mẹ́rin tó kù.